PS4, Xbox, tàbí ẹ̀rọ DVD lásán: èwo ni kí n rà fún wíwo fíìmù nílé?

Àrẹ̀mọ Àsèró:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Ẹ̀rọ DVD tí bàbá mi ń lò nílé wa ní Àsèró, l'Abẹ́òkúta, ti ń ṣòjòjò ọjọ́ pẹ́, ní báyìí ó ti dákẹ́. Bí a bá ki àwo bọ̀ ọ́, á yí títí, á wá kọ "No Disc" sójú tẹlifíṣàn. Bàbá ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, fíìmù Yorùbá àtijọ́ ni wọ́n sì máa ń wò lálaalẹ́. Páálí àwo tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn kì í ṣe kékeré.

Àbúrò mi ọkùnrin kò jẹ́ kí n sinmi. PS4 tòkunbọ̀, ẹ̀rọ géèmù bíi ti Xbox, ni kí n rà, òun á máa fi gbá bọ́ọ̀lù orí géèmù, bàbá á máa fi wo fíìmù, owó kan náà á ṣe iṣẹ́ méjì. Ọ̀rọ̀ yẹn sì ti fẹ́ wọ̀ mí lọ́kàn. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin tó wà ní Houston náà fi àwo Blu-ray (àwo fíìmù tó mọ́ ju DVD lọ) mélòó kan sínú ẹrù tó fi ránṣẹ́ sílé, ẹ̀rọ wa kò sì lè ka ìkankan nínú wọn. Tẹlifíṣàn wa jẹ́ ínṣì 43, 4K ni, ìyẹn àwọn tí àwòrán wọn mọ́ gan-an. Inverter kékeré la gbójú lé bí iná bá lọ. Nínú PS4, Xbox, ẹ̀rọ Blu-ray àti ẹ̀rọ DVD lásán, èwo ni kí n nawó lé?

Gbábọ́ọ̀lù Òkè-Mósàn:
Bọ̀dá, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da ọkàn yín rú. PS4 ni. Ó ń ka DVD, ó ń ka Blu-ray, YouTube wà níbẹ̀, Netflix wà níbẹ̀, ẹ sì lè ki fúláàṣì bọ̀ ọ́ kó gbé fíìmù jáde. Ta ló tún ń ra ẹ̀rọ oníṣẹ́ kan ṣoṣo láyé ìsinsìnyí? PS2 tó jáde ní 2000 gan-an, ọ̀pọ̀ ilé ló rà á nítorí pé ó ń ka DVD.

Alátùn-únṣe Pánṣẹ́kẹ́:
Ẹ fara balẹ̀ ná. Títún tẹlifíṣàn àti ẹ̀rọ fíìmù ṣe ni iṣẹ́ mi, ohun tí mo sì kọ́kọ́ máa ń bi oníbàárà ni pé, irú àwo wo ló wà nílé yín? Ẹ yọ díẹ̀ jáde nínú páálí bàbá, kí ẹ wo àmì tó wà lára wọn. Bí ẹ bá rí DVD, kò séwu. Bí ó bá jẹ́ "Compact Disc Digital Video" ni wọ́n kọ síbẹ̀, VCD nìyẹn, PS4 kò sì ní kà á. PS5 kò ní kà á. Xbox náà kò ní kà á. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ bàjẹ́ o, àwọn tó ṣe é ni kò fi iṣẹ́ yẹn sí i. PS4 àti PS5 kì í tiẹ̀ ka àwo orin CD lásán.

Ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ pé VCD àti DVD kì í ṣe ohun kan náà, torí ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló ń ka méjèèjì nílé wa. Ọdún 1993 ni VCD dé. Orí CD ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, fíìmù tó sì lè gbà kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 74 lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń bá àwo méjì nínú ike kan, torí fíìmù oníwákàtí méjì kò lè wọ inú ẹyọ kan. DVD ní tirẹ̀ ń gba 4.7GB, èyí tó jẹ́ onípele méjì ń gba 8.5GB. VCD ni àwọn tó ń ta fíìmù Yorùbá fi kún ọjà nígbà yẹn, torí ẹ̀rọ tó ń kà á kò wọ́n. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo páálí yẹn kí ẹ tó yọ owó.

Àrẹ̀mọ Àsèró:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti gbé páálí náà síta. Bàbá ti fi bírò kọ nọ́ńbà sí ẹ̀yìn ike kọ̀ọ̀kan, 14A, 14B, 15A, 15B, wọ́n sì ní ìwé kan tí wọ́n to orúkọ fíìmù sí, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó yá a tí kò tíì dá a padà. Bí ẹ ṣe wí ló rí: "Compact Disc Digital Video" ló wà lára èyí tó pọ̀ jù. DVD wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ páálí ni wọ́n wà. Mo ní kí n sọ fún bàbá pé PS4 kò ní ka àwọn oní-A àti oní-B yẹn. Wọ́n ní, "Kí la wá fẹ́ fi ṣe?"

Bàbá Tíṣà Ìbarà:
Bàbá rẹ mọ nǹkan tọ́jú, ọmọ mi. Ìwé tó ń to orúkọ fíìmù yẹn, má ṣe jẹ́ kó sọnù.

Mo fẹ́ fi ohun kan kún un, torí mo gbọ́ tí o ní tẹlifíṣàn yín jẹ́ 4K. Má retí kí àwo àtijọ́ mọ́ rekete lórí rẹ̀ o, ẹ̀rọ yòówù kí o rà. Àmì tó para pọ̀ di àwòrán VCD jẹ́ 352 ní ìbú àti 288 ní òró. Ti DVD tiwa níhìn-ín jẹ́ 720 sí 576, Blu-ray jẹ́ 1920 sí 1080, 4K sì jẹ́ 3840 sí 2160. Wo bí tẹlifíṣàn yẹn ṣe ní láti na àwòrán kékeré yẹn tó kí ó tó kún ojú rẹ̀. Ohun tí èmi ṣe nílé mi ni pé mo fa àga sẹ́yìn díẹ̀, mo sì wọ ibi ètò àwòrán nínú tẹlifíṣàn, mo yí i sí 4:3, ìwọ̀n ojú tẹlifíṣàn àtijọ́. Bí o kò bá yí i, ojú òṣèré á fẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, gbogbo wọn á dà bí ẹni tí ojú rẹ̀ wú. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń wò ó bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ra tẹlifíṣàn pẹlẹbẹ, wọ́n á ní àwo náà ni kò dáa.

Gbábọ́ọ̀lù Òkè-Mósàn:
Ẹ má bínú, ẹ̀yin àgbà. Ṣé àwọn fíìmù yẹn kò ti wà lórí YouTube ni? Orí YouTube ni àwọn òṣèré wa ń gbé fíìmù tuntun sí báyìí. Ẹ ra PS4, ẹ fún bàbá ní dátà, ó parí.

Ìyá Ìbejì Kútọ̀:
Àbúrò mi, dátà ta ni? Netflix fúnra wọn sọ ọ́ pé wákàtí kan fíìmù tó mọ́ dáadáa lè jẹ tó 3GB, ti 4K sì lè tó 7GB. Fíìmù méjì lálẹ́, ká má tíì sọ ti àwọn ọmọ. Ẹni tó ní Wi-Fi tó dúró re nílé lè dá a lábàá, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ra dátà sórí fóònù kò lè tẹ̀lé e. Gbogbo fíìmù àtijọ́ kọ́ ló sì wà lórí YouTube. Mo wá ọ̀kan tí ìyá mi fẹ́ràn títí, n kò rí i.

PS4 wà nílé mi, torí náà mo mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe máa ń rí bí iná bá ṣẹ́ lójijì. Bí iná bá padà dé, ẹ̀rọ yẹn kò kàn ní bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Á kọ́kọ́ kọ ọ́ sójú tẹlifíṣàn pé ẹ kò pa òun bó ṣe yẹ, á ní òun ń yẹ ibi ìpamọ́ òun wò, ilà kékeré kan á máa rìn lọ. Ẹ̀yin náà á jókòó máa wò ó. Kí ó tó parí, iná lè tún ti lọ. Àgbàlagbà tó ti fẹ̀yìn tì kọ́ ni mo máa gbé irú ìyẹn fún. Ti rìmóòtù náà tún ńkọ́? Páàdì ni PS4 ń lò. Ìyá mi gbé páàdì yẹn dání, wọ́n ní bọ́tìnì wo ni wọ́n fi ń dá a dúró. Mo fi hàn wọ́n. Nígbà tó yá, wọ́n tẹ òmíràn, fíìmù fò lọ sápá ibòmíì. Rìmóòtù DVD ní tirẹ̀, wọ́n mọ̀ ọ́n tẹ̀ dáadáa.

Ìjà tún wà níbẹ̀ o. Aago mẹ́jọ alẹ́ tí bàbá fẹ́ wo fíìmù náà ni ọmọ fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù.

Gbábọ́ọ̀lù Òkè-Mósàn:
Ti ìjà yẹn, òótọ́ ni. Bàbá wa nílé kì í jẹ́ ká fọwọ́ kan tẹlifíṣàn bí ìròyìn bá ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀gbá Tòkèèrè:
Mo kí gbogbo ilé o. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa àwo Blu-ray tó ti Houston wá, torí mo ń gbé lókè òkun, mo sì ti rí i tí àwọn èèyàn ń kó àwo ránṣẹ́ sílé tí kò sí ẹni tó lè wò ó.

Wọ́n pín ayé sí agbègbè. Amẹ́ríkà wà ní A fún Blu-ray. Nàìjíríà, pẹ̀lú gbogbo Áfíríkà àti èyí tó pọ̀ jù nínú Yúróòpù, wà ní B. Íńdíà àti Ṣáínà wà ní C. Ti DVD tún yàtọ̀ síyẹn: Amẹ́ríkà jẹ́ 1, ìlú Ọba jẹ́ 2, Nàìjíríà jẹ́ 5. Ẹ yí ẹ̀yìn ike Blu-ray yẹn padà, ẹ ó rí àmì kékeré onígun mẹ́fà pẹ̀lú lẹ́tà nínú. Bí ó bá jẹ́ A nìkan, ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún B lè kọ̀ ọ́. Bí A, B àti C bá pé síbẹ̀, kò sí wàhálà, ibi gbogbo ló ń ṣiṣẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fiyè sí nípa PS4 tòkunbọ̀ nìyí. Èyí tó bá ti ìlú Ọba wá ń ka B, èyí tó ti Amẹ́ríkà wá ń ka A, kò sì sí ibi tí ẹ ti lè yí i padà nínú rẹ̀. Àwo géèmù kò ní ìṣòro yìí, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ta géèmù kì í fi í dárúkọ rẹ̀. Ẹ bi wọ́n léèrè ibi tó ti wá.

Bí ẹ̀gbọ́n yín bá tún fẹ́ ra ẹ̀rọ Blu-ray ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, kó ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀ dáadáa. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ 120V nìkan. Bí ẹ bá fi bọ iná tiwa láìsí tiransífómà tó ń rẹ iná sílẹ̀, ó jóná nìyẹn. PS4 àti PS5 kò ní ìṣòro yẹn, torí wọ́n ń gba 100V dé 240V.

Ọmọ Lísàbí:
Kò sẹ́ni tó tíì sọ̀rọ̀ nípa 4K gan-an, bẹ́ẹ̀ èmi fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi PS4 Pro tàn yín. Ó jáde ní 2016, ó ń gbé 4K jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò lè ka àwo 4K. Xbox One S tó jáde lọ́dún kan náà ló ń kà á, Xbox One X náà ń kà á. PS5 tó ní ojú àwo ń kà á, Xbox Series X tó ní ojú àwo náà ń kà á. Series S kò ní ojú àwo rárá. PS5 Pro kò bá ojú àwo wá, ọ̀tọ̀ lẹ máa ra ìyẹn. Nintendo Switch, kò sí fíìmù aláwo níbẹ̀ o.

Ohun kan tí kì í hàn sí èèyàn títí tó fi máa gbé e délé ni pé íńtánẹ́ẹ̀tì ní láti wà nígbà àkọ́kọ́. Lórí Xbox, ẹ kọ́kọ́ ní láti gba áàpù Blu-ray sílẹ̀ kó tó ka fíìmù kankan, DVD pàápàá. PS4 náà ní láti wọ íńtánẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan kó tó ṣí ọ̀nà fún DVD àti Blu-ray. Ojú àwo tí wọ́n ń so mọ́ PS5 tuntun náà nílò rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ so ó.

Fún ẹni tó fẹ́ràn àwòrán bíi tèmi, ẹ̀rọ 4K tó dá dúró ṣì dára ju ẹ̀rọ géèmù lọ. Sony UBP-X700 àti Panasonic DP-UB820 ń lo Dolby Vision, tó ń mú kí ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀ fíìmù dára sí i, láti orí àwo, PS5 kò ní in. Ohun tó ń dùn mí ni pé àwọn tó ń ṣe é ń dín kù. Oppo fi í sílẹ̀ ní 2018, Samsung náà ní 2019. Èmi kò sì rí ẹni tó ń ta àwo 4K rí, ì báà ṣe ní Ọmídà tàbí ní Kútọ̀. Èyí tí mo ní, òkè òkun ni gbogbo wọn ti wá. Èyí tí mo ní kò ní wàhálà agbègbè tí Ẹ̀gbá Tòkèèrè sọ. Àmọ́ fún páálí bàbá yìí, owó òfò ni. N kò ní purọ́ fún yín.

Alátùn-únṣe Pánṣẹ́kẹ́:
Ọmọ Lísàbí, ọ̀rọ̀ yín dára, ẹ sì sọ òótọ́ sí i.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti inverter, torí ibẹ̀ gan-an ni ìnáwó wà. Ẹ̀rọ DVD kékeré kì í sábà jẹ ju wáàtì 15 lọ. PS4 tó kọ́kọ́ jáde ní 2013, bó bá ń yí àwo fíìmù lásán, ó ń fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wáàtì 100, bó bá sì di géèmù ó ń kọjá bẹ́ẹ̀. PS5 lè tó 200 nídìí géèmù. Inverter kékeré tó lè gbé tẹlifíṣàn àti DVD títí di ìgbà tí bàbá máa sùn, bí ẹ bá gbé PS4 lé e, bátìrì á ti rẹ̀ kí Apá Kejì tó bẹ̀rẹ̀.

Kí ẹ sì tó ju ẹ̀rọ àtijọ́ yẹn nù, ẹ jẹ́ kí n wò ó. "No Disc" tí ẹ rí yẹn, lẹ́ńsì ló sábà máa ń jẹ́. Eruku ọyẹ́ máa ń wọlé lé e lórí. Nígbà mìíràn òwú àti ọtí tí wọ́n fi ń nu nǹkan ti tó. Bí lẹ́ńsì náà bá ti kú, a lè pààrọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n màá sọ iye tó máa jẹ́ kí ẹ fi wé owó tuntun.

Ohun tó ká mi lára jù ni pé àwo wọ̀nyẹn ń gbó. Ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà tó ní ojú àwo, kó bẹ̀rẹ̀ sí í da wọ́n sí inú háàdì báyìí. Bí ẹ bá ṣí VCD lórí kọ̀ǹpútà, ẹ ó rí fódà kan tó ń jẹ́ MPEGAV. Fáìlì tí orúkọ rẹ̀ parí sí .DAT tó wà nínú ẹ̀ ni fíìmù náà. Ẹ daakọ rẹ̀, ẹ fún un ní nọ́ńbà tí bàbá kọ sẹ́yìn ike, 14A lábẹ́ 14A. VLC, áàpù tó ń ṣí fíìmù, máa ṣí i lórí kọ̀ǹpútà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kì í tó 1GB, fúláàṣì kan á gba púpọ̀. Bí àwo bá ti ní ìlà gbọọrọ, ẹ má fi tipátipá bá a jà, ẹ yà á sọ́tọ̀, kí ẹ kọ́kọ́ da àwọn tó mọ́.

Àrẹ̀mọ Àsèró:
Mo ti ka gbogbo rẹ̀, ẹ ṣeun. Mo wo ẹ̀yìn Blu-ray ẹ̀gbọ́n mi. Méjì nínú wọn ní A nìkan, àwọn yòókù ní A, B àti C. Mo ti fi ìyẹn ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp kí wọ́n má tún ra oní-A wá mọ́.

Ibi tí mo dúró sí báyìí: ẹ̀rọ DVD tó ń ka VCD ni màá rà fún bàbá, èyí tó ní HDMI (ihò wáyà kan tó ń gbé àwòrán àti ohùn lọ sí tẹlifíṣàn) àti ojú fúláàṣì, bí àtijọ́ yẹn kò bá ṣe é tún ṣe. PS4 di ìgbà tí àbúrò mi bá ṣe ìdánwò tán, yàrá tirẹ̀ ló sì máa wà. Ìgbà yẹn la ó máa fi wo Blu-ray. Kí ni kí n ṣọ́ra fún lọ́jà?

Alátùn-únṣe Pánṣẹ́kẹ́:
Má ra ẹ̀rọ láìgbé àwo tìrẹ dání. Àwo tí wọ́n fi ń dán ẹ̀rọ wò ní ṣọ́ọ̀bù mọ́ tónítóní, kò sí ẹ̀rọ tí kò ní ka ìyẹn. Mú VCD kan tó mọ́, VCD kan tó ti ní ìlà, DVD kan, àti fúláàṣì tó ní fíìmù nínú. Fi sí i, kí o yí i dé apá ìparí fíìmù, má ṣe wo ìbẹ̀rẹ̀ nìkan, torí apá ìta àwo ni lẹ́ńsì tí kò lágbára ti máa ń dá dúró. Tẹ́tí sí i: bó bá ń dún kẹ̀kẹ̀kẹ̀ nígbà tó bá ń wá ibi tó máa kà, fi í sílẹ̀. Ṣí ojú àwo rẹ̀, kí o tì í, kí o tún ṣí i.

Béèrè bóyá HDMI wà lẹ́yìn rẹ̀ lóòótọ́, torí àwọn kan kọ ọ́ sára páálí, wáyà pupa, funfun àti yẹ́lò nìkan ló wà níbẹ̀. Tẹlifíṣàn tuntun mìíràn kò ní ihò mẹ́ta yẹn mọ́. Ihò kékeré kan ni wọ́n fi síbẹ̀, ìwọ ló sì máa wá wáyà tó bá a mu.

Ìyá Ìbejì Kútọ̀:
Kó tún yẹ rìmóòtù wò kó tó sanwó. Kí bọ́tìnì rẹ̀ tóbi, kí ó má jẹ́ èyí tí wọ́n kọ lẹ́tà tíntìntín sí. Bàbá ló máa lò ó.

Bàbá Tíṣà Ìbarà:
Má sì gbàgbé 4:3.

Àrẹ̀mọ Àsèró:
Mo ti gbọ́, sà. Ẹ̀gbọ́n Alátùn-únṣe, mo fẹ́ gbé ẹ̀rọ àtijọ́ yẹn wá lọ́jọ́ Sátidé. Ṣé kí n kó rìmóòtù rẹ̀ dání?

Alátùn-únṣe Pánṣẹ́kẹ́:
Kó o dání, pẹ̀lú wáyà iná rẹ̀. Mú 14A àti 14B náà wá, ká fi dán an wò dé òpin. Kí o tètè dé, torí bí iná bá wà láàárọ̀, màá ṣí i lójú ẹ.